Ṣé kí n kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní Mararaba lọ sí Ìlọrin, kí èmi nìkan máa ṣiṣẹ́ ní Àbújá?

Ọmọ Ọ̀fà béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Àbújá àti ní Òkè Ọya káàkiri. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ìyàwó mi ti ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Mo rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín jù mí lọ, nítorí àwọn tí mo bá sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ òṣèlú kò sì lè bá mi san owó ilé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí. Gárkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Mararaba, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Nasarawa, ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé láti ọdún 2016. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kẹ́fì mọ ohun tí mo ń sọ. Bí n kò bá ti jáde nílé kí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí tó lù, láti Mararaba dé Nyanya nìkan lè gba wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrọ̀lẹ́ tún máa ń burú ju òwúrọ̀ lọ. Àwọn ọmọ mi kì í rí mi dáadáa àfi ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ mi fún oṣù kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù mi; ní báyìí ó ti ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Owó ilé, tí onílé ń gbà ní ọdọọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti di ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu jù ni ti oúnjẹ. Ọkọ̀ iṣu tó ń bọ̀ láti Zaki Biam ní Bẹ́núé ń gba iwájú ilé wa kọjá ní òru, síbẹ̀ ìgbà mìíràn wà tí àbúrò mi ní Ọ̀fà máa ń ra iṣu ní owó tí kò tó èyí tí a ń rà á.

Ìyàwó mi kò fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n èmi ló ń ṣe bíi pé kí wọ́n lọ sí Ìlọrin. Bàbá mi àgbà fi yàrá mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Èmi yóò wá yàrá kan ní Nyanya, n ó sì máa lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹni kan wà nínú yín tó ti ṣe irú èyí rí, kí ni ojú rẹ̀ sì rí? Èkejì, kí ló fà á tí oúnjẹ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òṣèlú dá mi lóhùn.

Àgbà Karu dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ìwọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra, ọjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ ju ọdún 2023 lọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá síhìn-ín, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Murtala Muhammed ti fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976. Èmi dé ní ọdún 1992 pẹ̀lú àpótí méjì àti fáìlì ọ́fíìsì tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé owó oṣù nìkan kọ́ ló gbé àwa dúró nígbà náà. Ìjọba ló fún wa nílé, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń yọ fún un lóṣooṣù. Ní ọdún 2005, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà Àbújá lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ta àwọn ilé ìjọba wọ̀nyí, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú wọn. Ẹni tó rówó tàbí tó rí báńkì yá a lówó di onílé ní Gárkì àti Wúsé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò rí i kó ẹrù rẹ̀ jáde. Èmi wà lára àwọn tó kó jáde, ìyẹn ló gbé mi dé Karu. Láti ìgbà náà, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé iṣẹ́ ní Àbújá, ọwọ́ onílé àdáni ló ń bọ́ sí.

Tún wo bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó. Nyanya tí o rí yẹn, àgọ́ àwọn lébìrà tó ń kọ́ Àbújá ni wọ́n ṣe é fún. Kúbwá, ibi tí wọ́n kó àwọn Gbàgyí tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn lọ ni. Nínú ètò ìlú, awakọ̀, akọ̀wé àti agbálẹ̀ kò ní ibùsùn ní àárín ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú kò lè gbé ọjọ́ kan láìsí wọn. Mararaba tìrẹ kò sí nínú ètò rárá. Oríta ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hausa, oríta náà ló sì fẹ̀ títí tó fi di ìlú ńlá.

Ní ti owó oṣù fúnra rẹ̀: ní ọdún 1981, ₦125 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò sì tó náírà kan nígbà náà. Mo rántí pé bàbá tó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Èkó ń rán ọmọ méjì ní ilé ìwé gíga nínú owó yẹn, ó tún ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ná ló ń dà ọ́ láàmú.

Wàyí o, lórí pípín ilé sí méjì, èmi ti ṣe é. Láti ọdún 2006 di 2010 ni mo fi ìyá àwọn ọmọ mi sí Òṣogbo. Mo rò pé owó ni mo fẹ́ fi pa mọ́, àṣé ìkòkò méjì ni mo gbé ka iná. Iná mànàmáná ilé méjì, gáàsì ilé méjì, fìríìjì méjì, owó ọkọ̀ lílọ àti àbọ̀ ní òpin oṣù, ìyẹn ni mo sì ń rò mọ́ra títí ọkọ̀ wa fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè lọ́nà Lọ́kọ́ja lóru ọjọ́ kan. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i. Kò sí èyí tó dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ tó pé ọmọ mi kejì ṣe ìdánwò WAEC tí èmi kò mọ iye iṣẹ́ tó ṣe. Bí o bá bi mí, kí ẹ dúró pọ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o wádìí ní ọ́fíìsì rẹ ni owó àkànlò ilé gbígbé (National Housing Fund) tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti tọrọ owó ilé ní Federal Mortgage Bank, èlé rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti báńkì olówò. Ìwé rẹ̀ yóò pẹ́ lórí tábìlì, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó fi ra ilé sí Karu yìí.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Kánò, dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Sábóńgàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, ọjà Dawanau ni mo sì ti ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo fún nǹkan bí ogún ọdún. Ti ìyàwó àti ọmọ, Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ti oúnjẹ ni n ó dáhùn, nítorí ó máa ń dùn mí tí àwọn ará wa bá ń rò pé àwa tí a wà nítòsí oko ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí o bá rí ọkọ̀ iṣu tó ń kọjá lójúde rẹ, má ṣe rò pé tìrẹ ni. Ọkọ̀ náà ti ní oníbàárà ní ibi tó ń lọ kí ó tó gbéra, owó ọjà ńlá ibẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ lé. Àbújá kì í ṣe oko, kì í sì í ṣe ọjà tí wọ́n ti ń tà ní àpò-àpò bíi Dawanau. Ìlú olówó oṣù ni. Ẹni tó ń ta iṣu ní Mararaba mọ̀ pé ẹni tó ń rà á kò ní ilẹ̀ tí yóò gbìn ín sí, kò sì ní àkókò láti lọ wá a ní Lafia. Àbúrò rẹ ní Ọ̀fà ẹ̀wẹ̀, oko iṣu yí i ká. Bí iṣu tuntun bá jáde lágbègbè Kwara, kò sí ọkọ̀ jíjìn tí yóò sanwó fún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni ọkọ̀ àjàgbé ń mu, ìjọba kò sì san owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ní ọdún 2022 ti gbé e sókè kí ti bẹntiróòlù yín tó dé ní ọdún 2023. Kí o tún wá ka iye ibi tí àwọn ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń na okùn kọjá ọ̀nà láti gba owó. Mo ti tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹ̀wà mi rí láti Kánò dé Ìbàdàn, nígbà tí a ó fi dé, mi ò lè ka iye ìwé pélébé ẹ̀rí owó tí awakọ̀ ti kó jọ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni a ń gbé lé orí kóńgò.

Ọ̀rọ̀ àìléwu oko kò ṣeé yẹra fún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n pa àwọn tó ń kórè ìrẹsì ní Zabarmari ní Bọ̀rnó. Ní Zamfara àti ní àwọn apá kan Katsina àti Kàdúná, àgbẹ̀ ń san owó fún àwọn agbébọn kí ó tó lè wọ oko, ó tún ń san òmíràn kí ó tó lè kórè. Oníbàárà mi kan láti ìhà ibẹ̀, tó máa ń kó àádọ́ta àpò wá fún mi lọ́dún, ti di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ Maruwa kiri inú Kánò.

Tòmátì ní tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè rẹ̀ ní Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kánò níhìn-ín, pẹ̀lú omi tó ń ti ìsédò Tiga wá. Nígbà náà ó lè pọ̀ débi tí wọn yóò máa sá a sórí ilẹ̀ bí ẹni ń sá aṣọ. Tí òjò bá dé, kò sí mọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, èyí tó wà nísàlẹ̀ a sì ti di omi kí ó tó dé Mile 12 ní Èkó. Owó èyí tó bàjẹ́, orí èyí tí kò bàjẹ́ ni. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ ẹ̀ ní àjẹrun ní Kánò àti Kàdúná, ẹ ó rántí ọdún tí obẹ̀ funfun gbòde. Ẹ ó sì rántí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, tí àwọn oníṣòwò dá oúnjẹ dúró kí ó má lọ sí Gúúsù: àlùbọ́sà di wúrà lápá ọ̀dọ̀ yín, níhìn-ín ó ń jẹrà lórí ilẹ̀, ẹni tó gbìn ín sì ń sunkún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé oúnjẹ lè wà kí ebi sì wà.

Kí n wá sọ ohun tí o lè ṣe. Ẹ̀wà máa ń rọlẹ̀ jù láti oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, tí ìkórè bá wọlé. Wá ẹbí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dáwó ra odidi àpò. Àpò ọgọ́rùn-ún kílò tó kún dáadáa máa ń tó nǹkan bí ogójì tíyà, ìyẹn abọ́ ìwọ̀n tí àwa ń lò ní Kánò. Bí o bá fi owó àpò náà wé iye tí ìwọ yóò fi ra ọgọ́rùn-ún kílò díẹ̀díẹ̀, ní abọ́ mudu tiyín lọ́hùn-ún, ní oṣù Keje, wàá rí ibi tí owó rẹ ń gbà lọ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oògùn apakòkòrò sí i, ó ti pa odidi ẹbí rí. Àpò onípele mẹ́ta wà tí a ń so lẹ́nu pinpin, tí kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ̀wà lè pé ọdún nínú rẹ̀.

Ẹ má sì bú àgbẹ̀. Ní ọdún 2025 tí ọkà wálẹ̀, tí ẹ̀yin ará ìlú ń dúpẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò rí owó ajílẹ̀ tí wọ́n rà pa padà.

Oníṣirò Gwarinpa dáhùn pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá àti Ìyá wa, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀wọ́n gógó ti ń rọlẹ̀, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé ta ló ń purọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde pé ọ̀wọ́n gógó jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di 24.48. Kò sí ọjà kankan ní Àbújá tí nǹkan ti rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n yí ọdún tí wọ́n ń fi díwọ̀n padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ìpín oúnjẹ kù nínú agbọ̀n ìṣirò, ìyẹn àkójọ ohun tí ará ìlú ń rà tí wọ́n fi ń díwọ̀n, láti nǹkan bí ìdá 52 sí nǹkan bí 40. Iṣẹ́ tó yẹ ni, ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ ń gba ìdá ọgọ́ta nínú owó rẹ̀ ní Mararaba kò sí nínú agbọ̀n yẹn. Kí a sì rántí pé bí ọ̀wọ́n gógó bá rọlẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan ń wọ́n lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́. Kò padà síbi tó ti wá.

Irú ìyanu bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, nígbà tí wọ́n tún ìwọ̀n ètò ọrọ̀ ajé wa ṣe, tí a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a bá a pé a ti kọjá South Africa, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka fóònù alágbèéká àti sinimá bó ti yẹ. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Owó oúnjẹ wa kò yí padà.

Nípa owó oṣù: ₦30,000 tó di òfin ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 lè ra nǹkan bí dọ́là 83, nígbà tí wọ́n ń ra dọ́là kan ní bíi ₦360. ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 kò ju nǹkan bí dọ́là 45 lọ, nítorí pé dọ́là ti kọjá ₦1,500. Ẹ jẹ́ ká gbà pé a kì í ná dọ́là ní Mararaba, ṣùgbọ́n ajílẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì, oògùn àti táyà ọkọ̀ gbọ́ ohùn dọ́là.

Ibi tí èmi àti Bàbá ti yàtọ̀ díẹ̀ ni pé n kò rò pé kí Ọmọ Ọ̀fà kàn dúró síbi tó wà. Kí ó fi owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀ kí ó tó pinnu pé Mararaba pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ ojú irin ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 2018, tó dúró ní 2020, tí wọ́n tún ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú àti Idu ló gbà. Kò dé apá Nyanya rárá, níbi tí èrò pọ̀ sí jù. Àwọn ará Mararaba, Nasarawa ni wọ́n kà wọ́n mọ́ nínú ìkànìyàn ọdún 2006, tí kò sì tíì sí òmíràn láti ìgbà náà. Àbújá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ní ojú ààlà ìjọba méjì, kò sí èyí tó ń fi í ṣe àkọ́kọ́.

Ìyá Alájọ, Nyanya, dáhùn pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó gún régé. Àmọ́ ẹ ò bi arákùnrin yìí ní ohun kan: kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe?

Mo ti ń gba àjọ ní Nyanya àti Karu fún ọdún mọ́kànlá. Ìwé ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà lọ́wọ́ mi ní báyìí, mo sì lè sọ fún yín pé nínú ìdajì wọn, owó tí ọkọ sọ fún ará ilé rẹ̀ pé òun ń gbà kọ́ ló ń san owó ilé ìwé. Owó tí wọ́n ń dá lójoojúmọ́ ni: ti àkàrà, ti aṣọ rírán, ti POS, ti omi inú ọ̀rá. Àwọn Hausa àdúgbò wa ń pe tiwọn ní adashi, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ kan nínú oṣù ni tèmi, ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ẹni tó dá a.

Ẹ ó rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí báńkì kò ní tuntun, tí ọjà kò gba àtijọ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Oṣù yẹn, kò sí ẹni tó rí owó tí yóò dá. Síbẹ̀, àwọn tó ti dá a sílẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú ni mo fi ìrẹsì àti epo fún dípò owó, láti ọwọ́ oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ àjọ wa. Kò sí ẹni tí mo bá ṣe àdéhùn ní kóòtù. A mọ ilé ara wa ni.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n sá fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àjọ mi yá owó kékeré kan, nígbà tó fi pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ àti sí àna rẹ̀ pé olè ni. Ìjọba ti ń gbé ìlànà jáde lórí wọn láti ọdún 2022, ojú ṣì ń ti ọmọ náà títí di òní.

Nítorí náà, Ọmọ Ọ̀fà, bí ìyàwó rẹ bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, oníbàárà rẹ̀ kò ṣeé dì sínú àpò kó lọ sí Ìlọrin. Bí ó bá sọ pé òun kò lọ, bóyá ó ti ṣírò ohun tí ìwọ kò tíì ṣírò. Ǹjẹ́ o ti bi í?

Ọmọ Ọ̀fà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Ìyá Alájọ, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ tí mo kà á. Aránṣọ ni ìyàwó mi, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, kàǹtí rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Mo jẹ́wọ́ pé nínú gbogbo ìṣirò tí mo ṣe kí n tó kọ ìbéèrè mi, n kò ka owó rẹ̀ mọ́ ọn. Mo kà á sí owó ata àti iyọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè a jókòó, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde. Òun ló ti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ méjì láti oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, nítorí pé mo ti sọ fún un nígbà kan pé n ó san án bí mo bá rí owó, n kò sì béèrè mọ́. Iná mànàmáná tí wọ́n gbé sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tó wà ní ipele A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, òun ló tún ń san án, torí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń lò ó jù. Ó ní bí òun bá dé Ìlọrin, yóò gba òun ní ọdún méjì kí òun tó rí oníbàárà mẹ́wàá tó ń sanwó lásìkò.

A kò lọ mọ́. Àmọ́ èmi àti ọ̀gá mi ti sọ̀rọ̀ lórí kí n máa dé ní aago méje, kí n máa kúrò ní mẹ́ta. Kò tíì fọwọ́ sí i. Mo sì ti tọrọ ìwé owó àkànlò ilé náà ní ọ́fíìsì. Bàbá, òótọ́ lẹ wí, wọ́n ti ń yọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́, n kò sì mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹbí mẹ́ta ti gbà láti dáwó ra ẹ̀wà. Níbo ni a ti lè rí àpò onípele mẹ́ta yẹn rà ní Àbújá, ẹ̀wà wo ni kí a béèrè fún?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Kánò, dáhùn pé:

Béèrè àpò náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀, wọn kì í tà á ní ìsọ̀ ọlọ́kà. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí o tó rà á, tó bá ń yọ afẹ́fẹ́, má rà á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ béèrè èyí funfun. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, olóyin ni kí ẹ rà. Ẹ má tíì rà á nísinsìnyí o, ẹ dúró di oṣù Kọkànlá.